John Bunyan: Ẹni tí ó Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ìyè Níbi Iṣẹ́ Òòjọ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo rí fà yọ nínú òwe yìí ni pé kò sí ohun tí ó ń ṣe ènìyàn tí ó yẹ kí ó dí i lójú pátápátá, ìbáà ṣe ìbànújẹ́, ìbáà ṣe iṣẹ́, ìbáà sì ṣe eré. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa onígbàgbọ́ ti fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí ọjọ́ kan àti ibì kan. A ń retí rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, a ń retí rẹ̀ níbi ìṣọ́-òru, a sì ń retí rẹ̀ lórí òkè àdúrà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó ń retí ohunkóhun lọ́nà oko, lọ́nà ọjà, tàbí lẹ́nu iṣẹ́ tí a fi ń jẹun. Ìdí nìyí tí mo fi yan láti kọ ìtàn John Bunyan sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nípa òyìnbó tí ó ti kú láti ọdún 1688, èsì mi kò jìnnà. Ìwé tí ọkùnrin yìí kọ nípa ìrìn-àjò onígbàgbọ́ láti ayé yìí sí èyí tí ń bọ̀ wà lára àwọn ìwé ìtàn tí a kọ́kọ́ túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ ni a mọ̀ ọ́n sí. David Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó gbé ní Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó túmọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ìwé D. O. Fágúnwà sì ti tọ́ka sí i pé ipasẹ̀ Bunyan hàn nínú ìrìn-àjò àwọn ògbójú ọdẹ rẹ̀. Nínú kíláàsì, ìwé náà ni a máa ń yẹ̀ wò. Ayé ẹni tí ó kọ ọ́ ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé láti inú ayé náà ni ìwé ti jáde wá.

Ọmọ atúnkòkò-ṣe

Ní abúlé Elstow, tí kò jìnnà sí ìlú Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti bí John Bunyan ní ọdún 1628. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún náà ni a ṣe ìrìbọmi fún un. Thomas Bunyan baba rẹ̀ a máa tún ìkòkò àti abọ́ onírin tí ó bá lu ṣe. Irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sí ojú kan. A máa ru irin iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn láti abúlé dé abúlé, ibi tí wọ́n bá sì ti gbé ìkòkò jáde fún un ni yóò ti jókòó tì í. Iṣẹ́ náà kò ní iyì lójú àwọn ènìyàn; ojú alárìnkiri ni wọ́n fi ń wo ẹni tí ó bá ń ṣe é. John lọ sí ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀, ó mọ ìwé kà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ baba rẹ̀.

Ọdún 1644 kò fi ojú rere wò ó. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù kẹfà. Margaret àbúrò rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e ní oṣù keje. Kò ju nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ lọ tí baba rẹ̀ fi gbé ìyàwó mìíràn wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni John nígbà náà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di ọmọ ogun.

Ogun ń jà lákòókò yìí láàárín Ọba Charles Kìn-ín-ní àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Apá ti ilé aṣòfin ni Bunyan wà, ní Newport Pagnell, títí di ọdún 1647. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i lójú ogun tí ó yẹ kí á dúró lé lórí. Wọ́n yàn án pẹ̀lú àwọn mìíràn láti lọ dó ti ibì kan. Bí ó ti fẹ́ gbéra, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí òun lọ dípò rẹ̀, ó sì gbà. Níbi tí ọmọ ogun náà ti ń ṣọ́nà ni ọta ìbọn ti bá a lórí, ó sì kú.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa lónìí, yóò ṣe ìdúpẹ́, yóò pe ẹbí, yóò pe ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n Bunyan fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ náà kò yí ọkàn òun padà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ó rí i, ó sì kọjá. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní tí mo rí nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ohun ńlá lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn kí ó má kọ́ ọ lọ́gbọ́n kankan, kí ohun kékeré tí ẹlòmíràn kò kà sí sì wá jí i lójú oorun.

Ìwé méjì, eré àti agogo

Ní nǹkan bí ọdún 1649 ni Bunyan gbé ìyàwó. Òṣì ń ta àwọn méjèèjì débi pé wọn kò ní àwo, wọn kò ní ṣíbí. Ohun tí ìyàwó mú wá sí ilé ọkọ ni ìwé méjì tí baba rẹ̀, ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú. Ọ̀kan jẹ́ ìwé Arthur Dent nípa ọ̀nà ọ̀run fún mẹ̀kúnnù, èkejì jẹ́ ìwé Lewis Bayly nípa bí a ti í hu ìwà-bí-Ọlọ́run. Tọkọtaya a máa ka ìwé wọ̀nyí pọ̀. Ìyàwó a sì máa sọ fún ọkọ rẹ̀ irú ẹni tí baba òun jẹ́ nínú ilé àti láàárín aládùúgbò. Bí Bunyan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò dára. Ìbúra àti èpè kún un bí omi. Ní ọjọ́ kan tí ó dúró lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀ kan tí ó ń ṣépè, obìnrin tí ó wà nínú ilé bá a wí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń ba òun lẹ́rù, àti pé ó lè ba gbogbo ọ̀dọ́ ìlú jẹ́. Obìnrin yìí gan-an kì í ṣe ẹni tí ìlú ń yìn fún ìwà rere. Èyí ni ó mú kí ìbáwí náà wọ Bunyan lára. Ó dorí kodò, ojú tì í, láti ọjọ́ náà ni ó sì ti fi ìbúra sílẹ̀, ó sì ya òun pàápàá lẹ́nu pé ó rọrùn fún òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan pẹ̀lú, ó wà lórí pápá abúlé tí ó ń ṣe eré kan tí wọ́n fi ń fi igi gígùn lu igi kékeré sókè. Ó ti lu igi náà lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ni ìbéèrè kan bá ta sí i lọ́kàn bí ọfà: ṣé yóò fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ kí ó lọ sí ọ̀run, tàbí yóò dì í mú kí ó lọ sí ọ̀run àpáàdì? Ó fi igi sílẹ̀, ó gbójú sókè, ó dúró ṣinṣin láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun fún wọn. Nígbà tí ó ṣe, ó padà sídìí eré náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agogo ni ó wá jọ mí lójú jù. Bunyan fẹ́ràn láti máa bá wọn lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì Elstow. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí rò pé fàájì lásán ni, ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. A máa lọ dúró kí ó máa wo àwọn tí ń lù ú. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà á pé agogo kan lè já lù ú. Ó lọ dúró sábẹ́ igi àjà ńlá kan. Ó tún rò ó pé agogo lè ta lára ògiri kí ó wá bá òun níbẹ̀. Ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó tún rò ó pé bí ilé agogo fúnra rẹ̀ bá wó ńkọ́? Ó sá lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rò pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú agogo, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé Ọlọ́run ń ṣọ́ ẹni tí ń fi igi lu igi kí ó lè jù ú sí iná. Ó yẹ kí á sọ òtítọ́: ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ohun gbogbo lè sọ ohun gbogbo di ẹ̀rù fún ara rẹ̀. Bunyan wà nínú irú ìdààmú yìí fún ọdún púpọ̀. Ó ti ní ojú tí ń ríran, ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan ni ó ń rí.

Àwọn obìnrin tí ó jókòó nínú oòrùn

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbé e dé ibi tí ìyípadà ti dé bá a. Ó lọ sí Bedford ní ọjọ́ kan láti lọ tún ohun èlò ṣe. Bí ó ti ń kọjá ní òpópó kan, ó rí àwọn obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Tálákà ni wọ́n. Bunyan, tí ó ti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn nígbà náà, súnmọ́ wọn kí ó lè dá sí i. Nígbà tí ó gbọ́ wọn, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìbí titun, wọ́n ń sọ bí Ọlọ́run ti tù wọ́n nínú, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ayọ̀ ni ó ń ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn. Ó wá hàn sí i pé gbogbo ẹ̀sìn tí òun ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, òde ara ni ó mọ.

Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn bá a lọ. Láti ìgbà náà, ó ń wá ọ̀nà láti tún bá wọn pàdé. Àwọn ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún John Gifford, olùṣọ́-àgùntàn ìjọ kékeré tí wọ́n wà. Gifford náà ní ìtàn tirẹ̀: ọ̀gágun ni ní apá ti ọba, wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ ikú rí, ó sì sá àsálà. Ẹ wò ó, ọmọ ogun apá kan ni ó wá di olùkọ́ ọmọ ogun apá kejì. Bunyan di ọmọ ìjọ yìí, ó kó wá sí Bedford ní nǹkan bí ọdún 1655, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wàásù láì fi iṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀.

Nígbàkigbà tí mo bá ka ibi yìí, àwọn ìyá tí ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní àdúgbò wa ni mo máa ń rántí. Wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa já ewé ẹ̀fọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì máa lọ láàárín wọn: ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ohun tí Olúwa ṣe. Àwa tí a ń gbé ìwé kọ́ apá máa ń gba iwájú wọn kọjá, a ó kúnlẹ̀ tàbí kí á dọ̀bálẹ̀ kí wọn, a ó sì bá tiwa lọ. Àwọn obìnrin Bedford kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ àwọn. Wọn kò gun àga ìwàásù. Síbẹ̀, bí kò bá ṣe tiwọn ni, bóyá ayé kò ní gbọ́ orúkọ Bunyan.

Ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá

Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1658, ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Mary tí í ṣe àkọ́bí, afọ́jú ni a bí i. Ní ọdún 1659, Bunyan fẹ́ Elizabeth. Ní ọdún 1660, Ọba Charles Kejì gorí ìtẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de àwọn tí ń ṣe ìpàdé ìsìn lẹ́yìn ìjọ ìjọba. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n mú Bunyan níbi tí ó ti fẹ́ wàásù ní abúlé kan tí ń jẹ́ Lower Samsell. Ẹ̀jẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, pé kò ní wàásù mọ́. Ó kọ̀. Ó wà ní ẹ̀wọ̀n Bedford títí di ọdún 1672.

Elizabeth wà nínú oyún nígbà tí wọ́n mú ọkọ rẹ̀. Ìpayà mú un rọbí láìtọ́jọ́, ọmọ náà sì kú. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 1661, ọ̀dọ́mọbìnrin yìí dìde lọ bá àwọn adájọ́ ní Bedford, ó dúró níwájú wọn, ó bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ọmọ kéékèèké mẹ́rin ń bẹ lọ́rùn òun, ọ̀kan nínú wọn kò ríran, ìtọrẹ àánú ni àwọn fi ń jẹun. Adájọ́ Matthew Hale fi ojú àánú wò ó, ṣùgbọ́n kò lè ràn án lọ́wọ́. Bí a bá ń ka àwọn akọni nínú ìtàn yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí á gbàgbé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Lójú Yorùbá, ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin nílé kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ẹ̀wọ̀n. A ó sọ fún un pé kí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, kí ó lọ bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, Ọlọ́run yóò gbọ́ ti ọkàn rẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, n kò sì lè sọ pé ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ kò ní làákàyè. Ohun tí mo lè sọ ni pé Bunyan kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyapa láàárín òun àti ìyàwó pẹ̀lú àwọn ọmọ dà bí ìgbà tí a bá ń fa ẹran ara kúrò lára egungun, àti pé ti Mary afọ́jú ni ó ń dun òun jù lọ. Ó rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ń wó ilé lé aya àti ọmọ lórí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi irọ́ ra òmìnira, kí ni yóò kù tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ náà?

Kò sì ká ọwọ́ gbera. Nínú ẹ̀wọ̀n, kò sí ìkòkò tí yóò tún ṣe, nítorí náà ó kọ́ bí a ti ń fi irin sí ẹnu okùn bàtà, ó ń ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀ fún títà kí ilé lè rí jẹ. Ọwọ́ kan náà tí ń ṣe okùn ni ó ń kọ̀wé. Ní ọdún 1666, ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí-ayé ara rẹ̀ jáde. Inú ìwé yìí ni a ti mọ̀ nípa ọ̀rẹ́ tí ìbọn pa, eré orí pápá, agogo, àti àwọn obìnrin inú oòrùn.

Ọ̀nà, ọjà àti ẹrẹ̀

Wọ́n tún fi í sí ẹ̀wọ̀n fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà ní ọdún 1676 sí 1677. Ní ọdún 1678 ni apá kìn-ín-ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ jáde, apá kejì sì tẹ̀lé e ní ọdún 1684. Wọ́n ti tún apá kìn-ín-ní tẹ̀ nígbà mẹ́wàá kí ó tó kú. Títí di òní, a ti túmọ̀ ìwé náà sí èdè tí ó lé ní 200.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ohun tí ẹni tí ń kiri iṣẹ́ máa ń rí ni. Ọkùnrin kan ru ẹrù sẹ́yìn, bí Bunyan ti máa ń ru irin iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó sínú ẹrẹ̀, bí ẹrẹ̀ ọ̀nà Bedford tí ó ti bá pàdé nígbà òjò. Ó gun òkè, ó ṣìnà, ajá gbó mọ́ àwọn arìnrìn-àjò, òmìrán mú un. Ó dé ọjà kan tí wọ́n ti ń ta gbogbo asán ayé. Elstow náà sì ní ọjà ọdọọdún tirẹ̀. Ibì kan wà nínú ilé Olùtumọ̀ tí wọ́n ti ń gbá yàrá tí eruku rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn, àfi ìgbà tí ọmọbìnrin kan wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó lè gbá a. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ èyí? Àti kékeré ni a ti ń kọ́ wa pé kí á wọ́n omi kí á tó gbálẹ̀. Bunyan fi í ṣàlàyé òfin àti oore-ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń gba àwọn onímọ̀ ìsìn ní odidi ìwé.

Mo rò pé ohun tí ó jẹ́ kí ìwé náà rí ilé ní ilẹ̀ Yorùbá nìyí. Kí Hinderer tó dé Ìbàdàn ni àwọn baba wa ti ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ìwé náà bá òwe nílẹ̀ tí ó ń dúró dè é.

Ní ọdún 1686, Bunyan ṣe ìwé ewì kan fún àwọn ọmọdé, lórí ohun tí ọmọdé ń rí lójoojúmọ́: ẹyin, oyin, ìgbín, ọ̀pọ̀lọ́, àbẹ́là. Agogo náà wà níbẹ̀. Agogo tí ó lé e jáde kúrò ní ilé agogo Elstow ni ó wá fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rù ti kúrò, ṣùgbọ́n àkíyèsí kò kúrò.

Ìrìn-àjò ìkẹyìn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1688, Bunyan gun ẹṣin lọ sí ìlú Reading nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí baba rẹ̀ ń bínú sí, tí ó ń bẹ̀rù pé yóò yọ òun kúrò nínú ogún. Ó bá baba sọ̀rọ̀ títí ó fi rọ̀, ìjà sì parí. Bí ó ti ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ibẹ̀, ìrìn nǹkan bí 40 máìlì, òjò pa á gan-an. Ibà mú un ní ilé John Strudwick, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ẹni ọdún 59. Wọ́n sin ín sí Bunhill Fields ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ kíyèsí irú iṣẹ́ tí ó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Pípa ìjà baba àti ọmọ ni. Àwọn àgbà ilé wa ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́ lábẹ́ igi àti nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí mo fẹ́ kí á mú kúrò nínú ìtàn yìí kò pọ̀. Ìbọn ojú ogun kò yí Bunyan padà. Obìnrin tí ó bá a wí lẹ́bàá fèrèsé mú ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìwé méjì tí ìyàwó gbé wálé ṣí i lójú. Àwọn tálákà tí ń yá oòrùn sì fi ọ̀nà hàn án, ní ọjọ́ tí ó jẹ́ pé ìkòkò lílu ni ó ń wá kiri. Iṣẹ́ yóò pọ̀ fún wa ní sáà yìí, ìdánwò yóò dé, a ó máa sáré láti kíláàsì kan dé èkejì. A ó máa ra àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, a ó máa wọkọ̀ pẹ̀lú àwọn tí a kò mọ̀ rí. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí á fetí sílẹ̀.